Mo fẹ́ máa ka ìwé sílẹ̀ fún àwọn tí kò lè kà á fúnra wọn: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ni mí. Àwọn èèyàn máa ń yìn mí pé mo mọ ìwé kà sókè. Mo gbọ́ pé èèyàn lè yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti máa ka ìwé sínú ẹ̀rọ fún àwọn afọ́jú àtàwọn ọmọ tí ìwé kíkà nira fún. Fóònù mi àti yàrá kan tó dákẹ́ ni mo ní. Ṣé wọ́n á gba ohùn àgbà bíi tèmi? Ṣé kí n máa yí ohùn padà bí ọ̀rọ̀ bá kan ọmọdé tàbí ọkùnrin? Ṣé àwọn òǹkọ̀wé kò ní pè mí lẹ́jọ́? Ọmọ mi sì ń sọ pé kọ̀ǹpútà ti ń ka ìwé fúnra rẹ̀ báyìí, pé iṣẹ́ àṣedànù ni mo fẹ́ dáwọ́ lé.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ ọjọ́ pípẹ́ o, Olùkọ́ wa. Ẹ jẹ́ kí n ti ìparí ìbéèrè yín bẹ̀rẹ̀, nítorí bí ọ̀rọ̀ ọmọ yín bá jẹ́ òótọ́ délẹ̀, kò sí ìdí tí a ó fi máa yẹ èyí tó kù wò.

Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Bí ìwé bá jẹ́ ìtàn àròsọ lédè Gẹ̀ẹ́sì, tó ti wà lórí kọ̀ǹpútà, tí kò ní àwòrán tàbí àtẹ nínú, ohùn ẹ̀rọ yóò ti wà ní orí kejì kí ẹ tó rántí ibi tí ẹ fi awò ojú yín sí. Bookshare, tí àjọ Benetech gbé kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2002, ń pín irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún àwọn tí kò lè ka ìwé títẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ń fi ohùn ẹ̀rọ gbọ́ ọ. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ lo oṣù mélòó kan lórí irú ìwé yẹn, n ó ní kó wá òmíràn.

Ṣùgbọ́n ẹ gbé ìwé ìṣirò síwájú ẹ̀rọ náà. Ẹ gbé ìwé ẹ̀kọ́ nípa ara ènìyàn fún un, èyí tí àwòrán ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró kún inú rẹ̀. Ẹ gbé ewì fún un. Ẹ gbé ìwé Yorùbá tí wọn kò fi àmì ohùn sí fún un: ẹni tó gbọ́ èdè ló ń fi òye pèsè ohun tí òǹtẹ̀wé kò kọ, ẹ̀rọ a sì máa ṣì í káàkiri. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ èdè ayé ni kò tilẹ̀ ní ohùn ẹ̀rọ kankan tí èèyàn lè fara balẹ̀ gbọ́ fún wákàtí kan. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ yín wà, kò sì tíì tán.

Ìwé ẹ̀kọ́ gan-an ni àwọn tó ṣáájú wa fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tí ojú wọn fọ́ lójú ogun padà délé, wọ́n fẹ́ lọ sí yunifásítì, ìjọba sì ti ṣètò owó ẹ̀kọ́ fún àwọn tó jagun. Ìwé ni wọn kò ní. Ní 1948, Anne T. Macdonald kó àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni jọ ní New York, wọ́n ń ka ìwé ẹ̀kọ́ sínú àwo fún wọn. Àjọ náà ń jẹ́ Recording for the Blind nígbà náà. Láti 2011, Learning Ally ni wọ́n ń pè é. Àwọn jagunjagun wọ̀nyẹn kò wá ohun tí wọ́n á fi najú, ìdánwò ló wà níwájú wọn. Mo mẹ́nu bà á nítorí pé ìwé ìtàn ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn máa ń fẹ́ kà, tí akẹ́kọ̀ọ́ sì ń wá ẹni tí yóò ka ìwé kẹ́mísìrì fún un kiri.

Kí ẹ tó mú ìwé kankan, ẹ mọ ẹni tí ẹ ń kà á fún. Afọ́jú nìkan kọ́. Àwọn kan ríran kedere, àmọ́ lẹ́tà kì í tètè di ọ̀rọ̀ lójú wọn. Èyí ni wọ́n ń pè ní dyslexia, ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́ ọmọ ọ̀pọ̀ ọdún yóò sì ti rí ọmọ tó gbọ́n bí nǹkan míì tí ìwé kíkà ń pọ́n lójú. Àwọn mìíràn ríran, wọ́n mọ̀ ọ́n kà, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn kò lè gbé ìwé dúró tàbí ṣí i nítorí àìsàn tàbí ìpalára.

Bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ìwé kò jọra. Ọmọ tó ní dyslexia sábà máa ń ṣí ìwé náà síwájú, á máa fi ojú tẹ̀lé ohùn yín. Bí ẹ bá fo ọ̀rọ̀ kan, tàbí tí ẹ sọ “ilé” níbi tí òǹkọ̀wé kọ “ibùgbé” sí, ojú rẹ̀ á wà níbì kan, etí rẹ̀ á wà níbòmíràn, á sì rò pé òun ló tún ṣì í. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ríran ní tirẹ̀ ń wá ojú ìwé 112 tí olùkọ́ ní kí gbogbo kíláàsì ṣí. Ẹni tó ti ń gbọ́ ìwé tipẹ́ á ti mú kí ẹ̀rọ rẹ̀ máa sáré ní ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá ń fa ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan nítorí àánú, ẹ kàn ń dá a dúró ni. Ìwé náà ni gbogbo wọn ń béèrè, bó ṣe wà, látòkè délẹ̀.

Torí náà, ẹ fọkàn balẹ̀ nípa ohùn. Ohùn àgbà dára. Ohùn tó há díẹ̀ kò burú. Bí wọ́n bá gbọ́ ẹ̀ka èdè yín lẹ́nu yín, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ti yanjú létí. Àwọn ilé-ìkàwé kan máa ń dán ohùn wò kí wọ́n tó gba èèyàn, wọ́n sì lè kọ̀ yín láìjẹ́ pé ẹ mọ ìdí rẹ̀. LibriVox, ìyẹn ẹgbẹ́ olùyọ̀ǹda-ara-ẹni orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń ka ìwé tí ẹ̀tọ́ àdàkọ rẹ̀ ti parí, tí Hugh McGuire dá sílẹ̀ ní 2005, kì í wo ẹwà ohùn rárá: ìdánwò ìṣẹ́jú kan ni wọ́n ń ní kí èèyàn kà wá, láti mọ̀ bóyá ẹ̀rọ rẹ̀ gbé ohùn dáadáa. Èyí tó máa ń sú olùgbọ́ ni ohùn tó ń gbádùn ara rẹ̀. Ẹ mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀: á máa kàwé bí ẹni ń polongo ìbò, gbogbo gbólóhùn ló ń gbé sókè tó sì ń jù sílẹ̀ ní ọ̀nà kan náà. Èèyàn lè fara da á fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wákàtí mẹ́sàn-án kọ́.

Nípa yíyí ohùn padà, ẹ ṣe é níwọ̀nba, tàbí kí ẹ má ṣe é rárá. Bí bàbá arúgbó bá ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀ nínú ìwé, ẹ fi ìyára ọ̀rọ̀ àti ìwúwo ohùn yà wọ́n sọ́tọ̀ díẹ̀, ó tó. Ẹni tó bá fi ohùn tín-ín-rín ṣe ọmọdé ní orí kìn-ín-ní gbọ́dọ̀ gbé ohùn náà dé orí ogún, ọ̀fun á sì sọ fún un. Òǹkọ̀wé tún lè pa ohun kan mọ́ di ojú ìwé 200, kó wá sọ níbẹ̀ pé akólòlò ni ọkùnrin náà láti kékeré. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ ka ìwé náà tán fúnra yín, ní ìdákẹ́, kí ẹ tó tan ẹ̀rọ. Bí ẹ ṣe ń kà á lọ, ẹ kọ orúkọ ènìyàn, orúkọ ìlú àti ọ̀rọ̀ àjèjì sílẹ̀, kí ẹ wádìí bí wọ́n ṣe ń pè é, kí ẹ sì tọ́jú ìwé pélébé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Bí ẹ bá pe orúkọ ẹnì kan báyìí ní orí kejì, tí ẹ wá pè é lọ́nà mìíràn ní orí kẹjọ, ẹni tí kò rí ojú ìwé á rò pé èèyàn méjì ni.

Wàyí o, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Olùkọ́ ni yín, olùkọ́ sì fẹ́ràn àlàyé. Nínú àwọn tí mo ti fetí yẹ iṣẹ́ wọn wò, olùkọ́ ló máa ń kàwé yéèyàn jù, olùkọ́ náà ló sì máa ń fi ti ara rẹ̀ kún un jù. Á tún gírámà òǹkọ̀wé ṣe. Á fo ibi tí ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ wà, torí ó ní ọmọdé lè máa gbọ́. Á fi ọ̀rọ̀ tútù rọ́pò èébú. Òmíràn á dúró láàárín orí, á ní, “ẹ kíyè sí ibí yìí dáadáa o.” Ẹ má ṣe é. Ẹni tó ríran ní àǹfààní láti ka ọ̀rọ̀kọ́rọ̀ tí òǹkọ̀wé kọ, kó bínú sí i, kó sọ ìwé náà sílẹ̀ bó bá wù ú. Ẹni tó ń gbọ́ yín ní irú àǹfààní yẹn, ẹ kò sì gbọdọ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé ẹnu yín ló gbà kọjá. Bí òǹkọ̀wé bá ṣi ọdún kọ, ọdún tó ṣì kọ ni kí ẹ kà. Bí ó bá sọ ohun tí inú yín kò gbà, ẹ kà á láìfi ohùn yọ ṣùtì sí i. Bí ọ̀rọ̀ inú ìwé kan bá wá ju ohun tí ẹnu yín lè sọ lọ, ẹ dá ìwé náà padà kí ẹlòmíràn kà á. Kò sẹ́ni tí yóò bi yín ní ìdí. Kí ẹ gé e láìsọ fún ẹnikẹ́ni ni wọn kò ní gbà.

Ibì kan wà tí wọ́n ti fún yín láyè láti sọ ohun tí kò sí nínú ọ̀rọ̀ òǹkọ̀wé, ibẹ̀ náà ló sì ṣòro jù: ibi àwòrán. Ẹ kọ àpèjúwe yín sílẹ̀ kí ẹ tó tan ẹ̀rọ. Ẹni tó bá ń ṣe é látorí máa ń rìn jìnnà. Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé kí ni òǹkọ̀wé fi àwòrán yìí ṣe. Bí ó bá jẹ́ fọ́tò tí wọ́n kàn fi ṣe ojú ìwé lọ́ṣọ̀ọ́, gbólóhùn kan ti tó. Bí ó bá jẹ́ àwòrán bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń gba inú ọkàn kọjá, ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà ni kí ẹ tẹ̀lé: ó wọ apá ọ̀tún, ó lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, ó padà sí apá òsì, kó tó jáde lọ sí gbogbo ara. Pupa àti búlúù tí ayàwòrán fi kùn ún kò ṣe nǹkan kan fún olùgbọ́, àyàfi bí ìbéèrè kan bá wà lẹ́yìn orí náà tó dá lórí àwọ̀. Ẹ sọ pé “àpèjúwe àwòrán” kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì sọ pé ó parí, kó má baà dà bíi pé òǹkọ̀wé ló ń sọ̀rọ̀. Bí àwòrán bá jẹ́ ìdánwò, ẹ ṣọ́ra kí ẹ má dá ìdáhùn sínú àpèjúwe. Ìwé ní kí ọmọ dárúkọ ohun tó rí. Ẹ má dárúkọ rẹ̀ fún un, ẹ ní ó ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin tó gùn dọ́gba àti igun mẹ́rin tó bára mu, kí òun náà ronú.

Àtẹ le ju àwòrán lọ. Bí ẹ bá ń ka nọ́ńbà lọ láti òsì sí ọ̀tún, tí ẹ kò sọ orúkọ òpó tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan wà, ẹni tó ń gbọ́ yóò ti sọnù kí ẹ tó dé ìlà kẹta. Ẹ ka àkọ́lé àtẹ náà, ẹ sọ iye ìlà àti iye òpó tó ní, ẹ dárúkọ àwọn òpó náà, lẹ́yìn náà kí ẹ máa pe orúkọ òpó mọ́ nọ́ńbà ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ó gùn, bẹ́ẹ̀ ni, ó sì ń súni. Kò sí ọ̀nà àbùjá níbẹ̀ tí mo mọ̀. Nínú ìṣirò, ẹ sọ ibi tí àkámọ́ ti ṣí àti ibi tó ti padé, nítorí “ìdajì a pọ̀ mọ́ b” lè jẹ́ ohun méjì, olùgbọ́ kò sì lè yọjú wo ìwé láti mọ èyí tó jẹ́. Àlàyé ìsàlẹ̀ ìwé rọrùn jù wọ́n lọ: ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ fẹ́ kí a kà á ní ìparí gbólóhùn tí àmì rẹ̀ wà, kí a sọ ibi tó bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí. Ẹ bi wọ́n léèrè.

Nọ́ńbà ojú ìwé ńkọ́? Àwọn àjọ kan fẹ́ kí ẹ pè é, àwọn kan kò fẹ́, torí pé wọ́n ń to ìwé wọn lọ́nà DAISY. Láti 1996 ni àjọ DAISY Consortium ti wà, ìlànà wọn sì máa ń so ohùn mọ́ orí, ìsọ̀rí àti ojú ìwé, kí olùgbọ́ lè fò lọ tààrà síbi tó bá fẹ́ dípò kó máa wá a kiri nínú ohùn wákàtí mẹ́wàá. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe máa ń ní kí ẹ ya fáìlì kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ ní ìbámu pẹ̀lú orí ìwé, kí ẹ sì fún un lórúkọ bí wọ́n ṣe là á sílẹ̀. Ó lè dà bí àṣejù lójú yín ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Kì í ṣe àṣejù.

Ó kan ọ̀rọ̀ ẹjọ́. Ẹ̀rù yín kò ṣe lásán, nítorí ẹni tó ka ìwé sínú ẹ̀rọ ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lójú òfin. Ọ̀nà mẹ́ta ni ẹ lè gbà tí ọkàn yín á fi balẹ̀.

Èkíní ni ìwé tí ẹ̀tọ́ àdàkọ rẹ̀ ti parí. Lábẹ́ Àdéhùn Berne, ìyẹn àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àdàkọ, ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé gbọ́dọ̀ wà títí ọdún 50 lẹ́yìn ikú rẹ̀, ó kéré tán. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ti sọ ọ́ di ọdún 70. Ní Amẹ́ríkà, ìwé tí wọ́n ti tẹ̀ jáde fún ohun tó ju ọdún 95 lọ ti bọ́ sọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, òfin Amẹ́ríkà yìí sì ni LibriVox ń tẹ̀ lé, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ fún olúkúlùkù pé kó wo ti orílẹ̀-èdè tirẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ kíyè sí ìtumọ̀ o. Òǹkọ̀wé lè ti kú tipẹ́tipẹ́, kó jẹ́ pé ìtumọ̀ tuntun ni ẹ mú lọ́wọ́. Ẹ̀tọ́ atúmọ̀ yẹn ṣì wà.

Èkejì ni kí ẹ ṣiṣẹ́ lábẹ́ àjọ tí òfin mọ̀. Ní 27 oṣù kẹfà, 2013, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò sórí Àdéhùn Marrakesh, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 30 oṣù kẹsàn-án, 2016. Ní orílẹ̀-èdè tó bá ti gbà á wọ inú òfin rẹ̀, ilé-ìkàwé tàbí àjọ aláìlérè tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn tí kò lè ka ìwé títẹ̀ lè ṣe ẹ̀dà àfetígbọ́ ìwé tó ṣì ní ẹ̀tọ́, láìkọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ òǹkọ̀wé, wọ́n sì lè fi ránṣẹ́ sí irú àjọ bẹ́ẹ̀ ní orílẹ̀-èdè mìíràn tó wà nínú àdéhùn náà. Afọ́jú, ẹni tí ojú rẹ̀ kò tó, ẹni tó ní dyslexia, àti ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè gbé ìwé, gbogbo wọn ló wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: àdéhùn náà fi àyè sílẹ̀ kí ẹni tó ń ran irú èèyàn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ṣe ẹ̀dà fún ìlò ẹni náà nìkan, bí ìwé náà bá ti wà lọ́wọ́ ẹni náà lọ́nà tó tọ́. Bí ọmọ kan tó ní dyslexia bá wà nítòsí yín tó ń múra ìdánwò, tó sì ra ìwé náà, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, bí òfin ibi tí ẹ wà bá ti fàyè gbà á. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ló dára jù láti bẹ̀rẹ̀, nítorí ọmọ náà á sọ ojú abẹ níkòó fún yín pé ẹ sáré jù.

Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe ni pé kí ẹ gbé ìwé tó ṣì ní ẹ̀tọ́ àdàkọ sórí YouTube, tàbí kí ẹ jù ú sínú ẹgbẹ́ WhatsApp kan “kí gbogbo ayé lè jàǹfààní.” Gbogbo ayé kọ́ ni òfin yọ̀ǹda fún.

Ó tún ku ẹ̀tọ́ ti ẹ̀yin fúnra yín. Ohun tí ẹ bá kà fún LibriVox ti di ti gbogbo ènìyàn pátápátá: ẹnikẹ́ni lè mú un, ó lè tà á, kò ní fún yín ní kọ́bọ̀. Inú àwọn kan dùn sí i bẹ́ẹ̀, àwọn kan kò fẹ́. Níbikíbi tí ẹ bá lọ, ẹ béèrè kí ẹ tó buwọ́ lùwé bóyá wọ́n lè fi ohùn yín kọ́ ẹ̀rọ láti máa sọ̀rọ̀ bíi tiyín. Ìbéèrè tó tọ́ ni lóde òní, àjọ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á sì dá yín lóhùn tààrà.

Ohun èlò kò tó nǹkan. Fóònù yín ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀, torí yàrá ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ ju máìkì lọ. Yàrá tó ṣófo máa ń dá ohùn padà. Yàrá tí bẹ́ẹ̀dì, aṣọ títa sí fèrèsé àti kọ́bọ́ọ̀dù tí aṣọ kún inú rẹ̀ wà máa ń gbé e mì. Ẹ pa fáànù, ẹ pa fìríìjì bí ó bá wà nítòsí, ẹ pa gbogbo ìpè àti ìdágìrì lórí fóònù. Ẹ gbé e sí nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 sí ẹnu, kó má kọjú sí ẹnu gan-an, kó wà ní ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, nítorí ìró bíi p àti b máa ń tú afẹ́fẹ́ lu máìkì gbì. Bí ẹ bá rí i pé iṣẹ́ náà bá yín lára mu, ẹ wá ra máìkì tó ń wọ ojú USB àti hẹ́dífóònù tó bo etí. Ẹ ka ìwé láti ojú tábílẹ́ẹ̀tì bí ẹ bá ní, kí ariwo ewé ìwé má máa wọlé. Bí kò bá sí, ẹ dúró, ẹ ṣí i, ẹ jẹ́ kó dákẹ́ kí ẹ tó máa bá a lọ.

Audacity, ètò tí a fi ń gba ohùn sílẹ̀ tí a sì fi ń gé e, ni ọ̀pọ̀ wa ń lò lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ká ohùn ní ọ̀nà kan ṣoṣo, ìyẹn mono, ní 44.1 kHz, ẹ tọ́jú fáìlì WAV fún ara yín, kí ẹ sì fi irú èyí tí wọ́n bá béèrè ránṣẹ́, MP3 ló sábà máa ń jẹ́. Ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ ni pé kí ibi tí ohùn ga jù má kọjá −3 dB, kí ariwo yàrá sì wà nísàlẹ̀ −60 dB. Bí nọ́ńbà wọ̀nyí kò bá yé yín, ẹ má jẹ́ kó dá yín dúró. Ọmọ yín tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà yẹn ni kí ẹ gbé e fún.

Bí ẹ bá ṣi ọ̀rọ̀ kà, ẹ má tún ọ̀rọ̀ náà nìkan sọ. Ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí àmì gíga hàn lójú ẹ̀rọ, kí ẹ padà sí ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn. Ẹ̀yìn ìgbà tí ẹ bá ń gé e ni ẹ ó mọ iyì àtẹ́wọ́ yẹn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ gba ìdákẹ́ yàrá náà fún ìṣẹ́jú-àáyá 30. Ìdákẹ́ yẹn ni ẹ ó fi dí ojú ibi tí ẹ bá gé, nítorí ìdákẹ́ tí ẹ̀rọ dá fúnra rẹ̀ máa ń dún bíi pé ẹnì kan pa iná ohùn yín lójijì. Ẹ gbọ́ ìṣẹ́jú kan nínú èyí tí ẹ kà gbẹ̀yìn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ tuntun, kí ìyára àti ìjìnnà yín sí máìkì lè bára mu. Ohùn òwúrọ̀ máa ń wúwo ju ti alẹ́ lọ, torí náà ẹ mú àkókò kan, kí ẹ dúró sí i. Omi tútù díẹ̀díẹ̀ dára. Wàrà kò fi bẹ́ẹ̀ dára kí ẹ tó kàwé, ó lè mú kí itọ́ dà bíi pé ó ki lọ́fun.

Kí ẹ tó gba ìwé, ẹ ṣírò rẹ̀. Ẹni tó ń kàwé geerege máa ń ka nǹkan bí ọ̀rọ̀ 150 ní ìṣẹ́jú kan. Ìwé tó ní ọ̀rọ̀ 60,000 á jẹ́ ìṣẹ́jú 400, ìyẹn wákàtí mẹ́fà àti ogójì ìṣẹ́jú, lẹ́yìn tí ẹ bá ti gé gbogbo àṣìṣe kúrò. Iṣẹ́ tó wà nídìí wákàtí kọ̀ọ̀kan sábà máa ń tó ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ìwé ẹ̀kọ́ bá wá ní àtẹ nínú, ẹ fi àyè sílẹ̀ dáadáa. Mo ń sọ èyí nítorí ìwé tí wọ́n kà dé ìdajì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gbára lé e, tí orí kẹfà kò sì dé títí ìdánwò fi wọlé, ì bá sàn fún un kó ti mọ̀ pé kò sí rárá, kó wá ọ̀nà mìíràn. Torí náà, ẹ gba orí kan nínú ìwé tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ń kà. LibriVox ní irú rẹ̀, àwọn àjọ mìíràn náà ní in. Tàbí kí ẹ kọ́kọ́ yọ̀ǹda ara yín láti máa fetí yẹ iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn wò, kí ẹ ṣí ìwé síwájú, kí ẹ máa kọ ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú-àáyá tí àṣìṣe wà sílẹ̀. Fún olùkọ́ tó ti fi bírò pupa máàkì ìwé ọmọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí ohun tó rọrùn tó o, àwọn tó ń ṣe é kò sì pọ̀ tó rárá.

Àwọn náà á fi àkọsílẹ̀ àṣìṣe ránṣẹ́ sí yín nígbà tó bá kàn yín. Ẹ má tún gbogbo orí náà kà. Ẹ padà sí yàrá náà, ní àkókò tí ẹ máa ń kàwé, ẹ gbọ́ ìpínrọ̀ tó ṣáájú ibẹ̀, ẹ ka gbólóhùn náà ní odindi, ẹ so ó pọ̀, kí ẹ sì fi fáìlì tuntun náà ránṣẹ́ pẹ̀lú orúkọ tí ti tẹ́lẹ̀ ń jẹ́ gan-an, àyàfi bí wọ́n bá ní kí ẹ yí i padà.